Ewéko Oníkòkò Tí Kì Í Gba Àyè: Èwo Ni Kí Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Bẹ̀rẹ̀ Rà?

Lára páálí pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń gún mọ́ ike ewéko ni ọ̀rọ̀ náà máa ń wà: "compact", ìyẹn ni pé kì í gba àyè. Oníbàárà á wo ewéko tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí ìkòkò pupa mẹ́rin márùn-ún rọ̀ sí i lára, á ní bó ṣe máa wà nìyẹn. Kò ní pé ọdún mẹ́ta tí yóò fi di ìtàkùn tó ń wá òrùlé kiri. Nínú Nepenthes, ìyẹn orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe ewéko oníkòkò yìí, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà ní kékeré kì í ṣe ẹ̀yà kékeré, ọmọdé ni wọ́n. Àwọn òbí tí wọ́n dà lù ló ń pinnu ibi tí ewéko yóò dàgbà dé, àwọn náà ló sì ń pinnu bóyá yóò gba ooru Èkó tàbí otútù fèrèsé Lọ́ńdọ̀nù. Orúkọ òbí ni kí ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà á kí ẹ tó bèèrè iye owó.

Ẹ̀yà àdàlù bíi mélòó kan tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa ń bá pàdé lọ́jà ni a ó yẹ̀ wò. (Àdàlù tí à ń wí yìí kì í ṣe ti ẹ̀wà àti àgbàdo o.) Kí ọ̀rọ̀ má bàa dàrú, "ìkòkò" ni èyí tó ń yọ lórí ewé, tó ń mú kòkòrò. "Ike" ni èyí tí a gbin ewéko sí.

Ìlà àárín ewé ló ń gùn kọjá ṣóńṣó ewé tí ó ń di okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Orí okùn náà á wú, á di ìkòkò tó ní ọmọrí. Oje inú rẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí ọmọrí tó ṣí. Omi dídùn tó ń sun lábẹ́ ọmọrí àti lára ètè ìkòkò ló ń fa èèrà wá. Bí ètè yẹn bá ti lọ́rinrin, ó ń yọ̀ ju ilá lọ, ẹsẹ̀ kòkòrò á sì yẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀yà, ògiri inú lápá òkè ní ohun kan bí ìda tí kò jẹ́ kí ohun tó bá jìn sínú rẹ̀ lè gùn padà. Oje ìsàlẹ̀ á jẹ ẹran ara kòkòrò náà, ewéko á sì fa èròjà rẹ̀ mu. Ilẹ̀ tí kò lọ́ràá ni wọ́n ti wá, pàápàá ní Philippines, Borneo, Sumatra àti Malaysia, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ilẹ̀dú tó lọ́ràá tó ń mú ẹ̀fọ́ dàgbà ló ń pa gbòǹgbò wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń hù fúnra rẹ̀ lórí ilẹ̀ Áfíríkà gan-an. Erékùṣù Madagascar ni àwọn tó súnmọ́ wa jù wà, nítorí náà ẹ má retí pé bàbá àgbẹ̀ àdúgbò máa mọ ohun tó ń ṣe é.

VENTRATA

Èyí ni ẹ máa rí jù. N. ventricosa àti N. alata (N. dúró fún Nepenthes) ni wọ́n máa ń kọ pé ó bí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé N. graciliflora ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pe òbí kejì yẹn báyìí. Philippines ni àwọn òbí méjèèjì ti wá, inú igbó níbẹ̀ ni wọ́n sì ti ń da ara wọn lù kí ènìyàn tó dá sí i. Ìkòkò rẹ̀ fún ní àárín bí àdó, ara rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé tó ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀ bá tó, ètè rẹ̀ sì pupa. Ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ń kọ "alata" lásán sí i lára. Bí ẹ bá rí "alata" tó pọ̀ tó sì pọ́ọ́kú, Ventrata ni.

Ká sọ tòótọ́, kò sí Nepenthes tó le láti pa bí èyí. Ó ń gba 30°C lọ́sàn-án, ó ń gba 14°C lóru, ó sì máa ń yọ ìkòkò nínú yàrá tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò ju 50% lọ. Ẹni tó bá gbàgbé láti bomi rin ín fún ọjọ́ mélòó kan kò ní bá òkú rẹ̀ nílé. Ṣùgbọ́n irọ́ ni kí wọ́n pè é ní compact. Ìtàkùn ni, ó lè gùn ju mítà méjì lọ. Bó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, ìkòkò tó ń yọ lókè á tẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ rẹ̀ á ṣá, kò sì ní lẹ́wà bíi ti ìsàlẹ̀ tó mú yín rà á.

Gígé ló ń wò ó sàn. Bí ìtàkùn bá ti tó 50 sẹ̀ǹtímítà, ẹ mú abẹ̀fẹ́lẹ́ tí ẹ fi spirit nù, ẹ gé e kó ku ewé mẹ́rin tàbí márùn-ún nísàlẹ̀. Ẹ̀ka tuntun á yọ láti ìdí ewé tó kù, nígbà mìíràn á yọ láti inú moss (ewéko rírọ̀ bíi kànrìnkàn tí a fi ń gbìn ín) gan-an, àwọn wọ̀nyẹn ni yóò tún ní ìkòkò kúkúrú aláràbarà. Ẹ má sọ èyí tí ẹ gé nù. Ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú (ibi tí ewé ti ń yọ) méjì tàbí mẹ́ta, ẹ gé ewé kọ̀ọ̀kan sí ìdajì, ẹ tì í bọ inú sphagnum moss tútù, ẹ sì fi náílọ̀n tó mọ́ gaara bò ó, kó wà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà tí òòrùn kò sí. Gbòǹgbò máa ń gbà tó oṣù méjì sí mẹ́ta. Kí ẹnikẹ́ni má fà á tu láti wò ó. Ewé tuntun lókè ni yóò sọ fún yín pé ó ti dì í mú.

BLOODY MARY ÀTI LADY LUCK

Èyí gan-an ni a lè pè ní kékeré láìpurọ́. Ọmọ òbí kan náà ni àwọn méjèèjì, N. ventricosa àti N. ampullaria, ìyàtọ̀ àárín wọn kò sì ju ohun tí ojú tó ti mọ́ ọn lára lè rí. N. ampullaria jẹ́ ewéko ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ olóoru. Ìkòkò tirẹ̀ yí róbótó nílẹ̀ igbó bí ìṣaasùn, ọmọrí rẹ̀ sì tẹ̀ sẹ́yìn, tí òjò àti ewé tó rẹ̀ dànù láti orí igi fi ń bọ́ sínú rẹ̀. Ewé jíjẹrà yẹn náà wà lára oúnjẹ rẹ̀. Òun ló fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní ara kúkúrú, ewé tó súnmọ́ra, àti àṣà kí ìdí máa bí ọmọ yí ká. Ventricosa ló fún wọn ní ìfaradà.

Ìkòkò Bloody Mary kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8 lọ, ó pọ́n bí epo tuntun, ó sì sanra ní ìdí. Ewé rẹ̀ kúrú débi pé ike tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 12 á tó o fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bó bá pẹ́, ọmọ mẹ́ta mẹ́rin á ti yọ nídìí rẹ̀, ewéko kan á wá dà bí agbo. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹwà rẹ̀ nìyẹn.

Àléébù rẹ̀ wà o. Kò yára. Ewé kan lóṣù kan ti dára fún un, nígbà tí Ventrata á ti yọ méjì. Ó nílò ọ̀rinrin: lábẹ́ 55%, okùn á yọ lórí ewé, orí rẹ̀ á wú tó hóró àgbàdo, lẹ́yìn náà á dúdú, á gbẹ. Bí yàrá bá ń tutù tó 15°C lóru, á kàn jókòó ni, kò ní kú, kò sì ní dàgbà. Nítorí náà, fún ẹni tó wà ní Èkó, Ìbàdàn, Kútọnu tàbí ibi kíbi tí òru kì í tutù, èyí ni ká kọ́kọ́ rà. Fún ẹni tó wà ní Manchester tí kò fẹ́ ra àpótí gíláàsì, kí ó máa bá ìwé yìí lọ sílẹ̀.

GAYA

Wọ́n tún ń kọ ọ́ ní "St. Gaya". N. khasiana ni òbí kan. Òbí kejì fúnra rẹ̀ jẹ́ àdàlù ventricosa àti maxima. N. khasiana wá láti Meghalaya ní àríwá ìlà-oòrùn Íńdíà, níbi tí ẹ̀ẹ̀rùn ti gbóná tí òtútù ọyẹ́ sì ń mú níwọ̀nba, ìyẹn ló jẹ́ kí Gaya gba àyípadà ju ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ìkòkò rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10, ó ní àmì pupa wínníwínní lára, ètè rẹ̀ sì jẹ́ onílà bí aṣọ òkè. Ewé rẹ̀ fẹ̀ ju ti Bloody Mary lọ, kí ẹ wá àyè tó tó 30 sẹ̀ǹtímítà fún un lórí fèrèsé. Ó pẹ́ kí ó tó di ìtàkùn.

Bó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni ẹni tó ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ rà, Gaya ni. 18°C sí 27°C tẹ́ ẹ lọ́rùn, ooru ilé tí ènìyàn ń gbé náà sì nìyẹn. Ní Èkó ó máa ń yè, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹta tí òru gan-an ń mú ènìyàn làágùn, ìkòkò rẹ̀ á kéré sí i, á tún gbọ́njú nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀.

REBECCA SOPER, ÀTI ÈYÍ TÍ KÍ Ẹ YẸRA FÚN

Rebecca Soper jẹ́ ọmọ N. ramispina àti ventricosa. Àwọn páálí àtijọ́ ń kọ "gracillima" dípò ramispina. Àwọ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn bí ọtí wáìnì, ó kéré, ó sì rẹwà lójú ju àwọn tó kù lọ. Orí òkè tútù ní Malaysia ni ramispina ti wá, nítorí náà ó fẹ́ kí òru lọ sílẹ̀ sí 14°C sí 18°C. Fèrèsé Lọ́ńdọ̀nù máa ń fún un ní ìyẹn lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Jos ó lè gbádùn. Èkó kì í ṣe ibùgbé rẹ̀, owó ni ẹ máa fi ṣòfò.

Miranda, tí ẹ̀jẹ̀ N. maxima wà lára rẹ̀, rọrùn láti tọ́jú, kò sí ìjà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìkòkò rẹ̀ lè kọjá sẹ̀ǹtímítà 20, ewé rẹ̀ sì ń na ọwọ́ káàkiri yàrá. Ẹni tó bá tà á fún yín ní ewéko orí tábìlì kò ṣàánú tábìlì yín.

OMI LÓ Ń PA WỌ́N JÙ

Ìyọ̀ àti ẹfun tó yọ́ sínú omi ló ń kó jọ sínú moss, á jó gbòǹgbò, etí ewé á sì gbẹ di àwọ̀ ilẹ̀ láti ṣóńṣó wá. Ẹ ra ẹ̀rọ TDS kékeré tí wọ́n ń tì bọ omi láti wọn ohun tó yọ́ sínú rẹ̀. Bó bá kà tó 50 ppm (ìdá 50 nínú mílíọ̀nù) sísàlẹ̀, ẹ lò ó láìbẹ̀rù. Láàárín 50 sí 100, ẹ lè lò ó bí ẹ bá ń fi omi òjò ṣan moss náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ju ìyẹn lọ, ẹ fi fọ abọ́.

Omi ẹ̀rọ Lọ́ńdọ̀nù kún fún ẹfun, kẹ́tù tó ń funfun nínú ti fihàn yín. Omi ẹ̀rọ Manchester àti Glasgow máa ń fúyẹ́. Ní ilẹ̀ wa, omi òjò ni ọba, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí òjò fọ páànù fún bí ìdajì wákàtí kí ẹ tó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì síta. "Pure water" kì í ṣe omi tí kò ní ìyọ̀: wọ́n sẹ́ ẹ ni, ohun tó yọ́ sínú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, iye rẹ̀ sì yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì. Ẹ wọ̀n ọ́n. Omi bátìrì tí wọ́n ń tà fún àwọn awakọ̀ dára bó bá jẹ́ omi distilled lóòótọ́, ẹ̀rọ TDS á sì kà á sí òdo tàbí nǹkan tó súnmọ́ ọn. Ásíìdì bátìrì wà nínú irú ike kan náà lórí àtẹ kan náà. Bí ẹ̀rọ yín bá fò lọ sókè réré, ẹ gbé e jìnnà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Omi tó ń kán láti ara ẹ̀rọ amúlétutù kò ní ìyọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n orí bàbà ló ń gbà kọjá, ẹ má fi ṣe omi ojoojúmọ́.

Bí ẹ ṣe ń bù ú náà ṣe pàtàkì. Wọ́n máa ń ṣi Nepenthes mú fún àwọn ewéko ajẹkòkòrò mìíràn tó ń jókòó nínú àwo omi. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ da omi láti òkè títí yóò fi ṣàn jáde nísàlẹ̀ ike, ẹ jẹ́ kó kán tán, kí ẹ sì da èyí tó kù nínú àwo nù. Moss á sọ fún yín ìgbà tí ẹ tún máa bomi rin ín: nígbà tó tutù, ó ṣókùnkùn bí ewé amúnútutù tí a sè, bó bá ń gbẹ, ojú rẹ̀ á máa ṣá bíi koríko ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ bomi rin ín nígbà tí ojú òkè bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá, tí ike sì fúyẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́, kó tó gbẹ táútáú.

Ọ̀rọ̀ gbòǹgbò rèé, nítorí ó ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ ewéko tó ń gbádùn nù. Gbòǹgbò Nepenthes tó yè dúdú. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní irun wẹ́wẹ́ lára, ó sì máa ń já pẹ́kẹ́ bí ẹ bá fà á. Àwọ̀ dúdú yẹn kì í ṣe jíjẹrà. Èyí tó bá jẹrà ni èyí tí awọ rẹ̀ ń bọ́ lọ́wọ́ yín bí ìbọ̀sẹ̀, tí inú rẹ̀ ṣófo tó sì ń rùn. Nítorí pé wọ́n ń já, ẹ má tú moss kúrò lára gbòǹgbò nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ ike. Ẹ gbé gbogbo òkìtì rẹ̀ sínú ike tuntun, ẹ fi moss tuntun há ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láìkì í mọ́lẹ̀.

OHUN TÍ A FI Ń GBÌN ÍN

Sphagnum moss gígùn ìwọ̀n méjì, perlite (hóró òkúta funfun tó fúyẹ́) ìwọ̀n kan. Ẹ rẹ moss sínú omi òjò fún bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ fún un, kí ẹ tó pò wọ́n pọ̀. Èèpo igi tí wọ́n fi ń gbin orchid lè rọ́pò díẹ̀ nínú moss fún Ventrata. Fún Bloody Mary, moss ni kó pọ̀. Bí moss bá wọ́n jù, èèpo àgbọn tí a gé wẹ́wẹ́ lè ṣe é, ṣùgbọ́n ìyọ̀ ló máa ń wà nínú rẹ̀: ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ da omi náà nù, ẹ tún un ṣe títí omi tó jáde yóò fi kà tó 100 ppm sísàlẹ̀. Ilẹ̀dú, ìgbẹ́ adìyẹ, àti ilẹ̀ inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà fún òdòdó, kí ọ̀kankan wọn má súnmọ́ ọn.

Ike oníhò ni kí ẹ lò. Ike amọ̀ lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó ń fa ìyọ̀ sára, ìyọ̀ náà á sì padà sínú moss. Lẹ́yìn ọdún méjì, moss á ti rọ̀ bí ẹ̀kọ, afẹ́fẹ́ kò ní wọlé mọ́, àsìkò àtipààrọ̀ nìyẹn.

ÌMỌ́LẸ̀ ÀTI Ọ̀RINRIN

Ẹ na ọwọ́ sókè ewé ní agogo méjìlá ọ̀sán. Bí òjìji ọwọ́ bá hàn ṣùgbọ́n tí etí rẹ̀ kò mú, ibẹ̀ dára. Bí òjìji bá dúdú tó sì mú gedegbe, òòrùn yẹn á bó ewé. Bí ẹ kò bá rí òjìji kankan, ewé á yọ, ìkòkò kò ní yọ. Fèrèsé tó kọjú sí ìlà-oòrùn ló rọrùn jù ní ilẹ̀ wa. Ní Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, ẹ gbé e sí fèrèsé gúúsù tàbí kí ẹ fi iná LED funfun tó 20 wáàtì sókè rẹ̀ ní nǹkan bí 25 sẹ̀ǹtímítà, fún wákàtí 12 sí 14 lójúmọ́. Ẹni tó ń gbójú lé iná NEPA, fèrèsé ni kó fọkàn tán.

Ọyẹ́ ni ọ̀tá tó tóbi jù níhà ọ̀dọ̀ wa. Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ìkòkò tó ti pé oṣù méjì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láti ọmọrí wá láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ní òkè òkun, híítà tó wà lábẹ́ fèrèsé ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Fífọ́n omi sí i láràárọ̀ kò tó nǹkan, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ó ti gbẹ. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ kó ewéko jọ, kí ẹ gbé wọn jìnnà sí fáànù àti ẹ̀rọ amúlétutù, tàbí kí ẹ gbé Bloody Mary sínú àpótí gíláàsì ẹja àtijọ́ tí ẹ bò dé ìdajì. Ẹ má bò ó pa pátápátá, òòrùn á sè é bí ọ̀lẹ̀lẹ̀.

OÚNJẸ, ÈÈRÀ ÀTI Ẹ̀FỌN

Ìkòkò tó dé sílé yín lófìfo nítorí ìrìnàjò, ẹ fi síríńjì da omi distilled sí i dé ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀. Yóò tún oje ara rẹ̀ ṣe. Bí kò bá sí kòkòrò níbi tó wà, ẹ fi eṣinṣin kan tàbí èèrà gbígbẹ mélòó kan sínú ìkòkò méjì péré lóṣù. Hóró oúnjẹ ẹja àrọ̀ tí kò ju mìlímítà méjì lọ náà ń ṣe é, ọ̀kan fún ìkòkò kékeré. Ẹran màlúù, ẹyin, ìrẹsì, gbogbo rẹ̀ á jẹrà kí oje tó rí i gbọ́, ìkòkò á dúdú láti ìdí, ilé á sì rùn.

Àwọn tó ń tà á máa ń ṣèlérí pé ó ń pa ẹ̀fọn. Ẹ má rà á nítorí ìyẹn. Èèrà àti eṣinṣin ló ń wá omi dídùn rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yín ni abo ẹ̀fọn ń wá. Kódà, àwo omi tí ẹ bá gbàgbé sábẹ́ ike ló lè máa bí ẹ̀fọn fún yín.

Èèrà kan náà tó jẹ́ oúnjẹ rẹ̀ ló ń gbé kòkòrò funfun bí òwú wá sí ìdí ewé. Ẹ fi òwú etí tí ẹ tì bọ spirit 70% nù wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ méje, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ má lo ọṣẹ. Òróró dóńgóyárò ń ṣiṣẹ́ lára ewé, ṣùgbọ́n bó bá kan ètè ìkòkò, ìkòkò yẹn ti tán.

NÍGBÀ TÍ Ẹ BÁ Ń RÀ Á

Ewé tó kéré jù ní àárín ni kí ẹ wò, ẹ má wo ìkòkò ńlá tó ti dàgbà. Bí okùn tuntun bá wà lórí rẹ̀, tí ṣóńṣó okùn náà tutù tó sì jẹ́ àwọ̀ ewé tàbí pupa, ẹ san owó. Bí gbogbo ṣóńṣó bá ti dúdú, ó ti pẹ́ ní ilé ìtajà yẹn nínú òkùnkùn.

Ẹ má ra irúgbìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pàápàá èyí tí àwòrán ìkòkò búlúù wà lára rẹ̀. Kò sí Nepenthes búlúù. Irúgbìn tòótọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, kì í pẹ́ kó tó kú. Èyí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ máa ń dà bí hóró tòmátì tàbí ata, ohun tó sì máa hù jáde nìyẹn. Yàtọ̀ sí bẹ́ẹ̀, kò sí irúgbìn Bloody Mary láyé yìí: gígé ìtàkùn tàbí ìgò yàrá ìwádìí nìkan ni wọ́n fi ń sọ ọ́ di púpọ̀, nítorí ọmọ tí irúgbìn bá bí kò ní jọ ìyá rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ronú láti dì í sínú àpótí aṣọ láti Lọ́ńdọ̀nù: gbogbo Nepenthes ló wà lábẹ́ òfin CITES, àdéhùn àgbáyé lórí títa ewéko àti ẹranko tó wà nínú ewu láti ilẹ̀ kan sí òmíràn, àdàlù náà wà níbẹ̀. Ìwé àṣẹ CITES àti ìwé ẹ̀rí ìlera ewéko ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, kí ẹ sì ti gba àṣẹ ìkówọlé lọ́wọ́ NAQS, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ewéko àti ẹran wò ní Nàìjíríà, kí ó tó gbéra. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ti kó wọn wọlé pẹ̀lú ìwé tó pé ni ó rọrùn jù láti rà á.

Bó bá dé ilé, ìkòkò tó bá a wá á gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ gé apá tó gbẹ nìkan, ẹ fi ewé sílẹ̀. Ewé kejì tàbí ìkẹta tó bá yọ nílé yín ló máa gbé ìkòkò tiyín. Bí oṣù mẹ́rin bá kọjá tí ewé ń yọ tí ìkòkò kò yọ, ìmọ́lẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, lẹ́yìn náà ọ̀rinrin, kí ẹ tó dá omi lẹ́bi.